Ojúlówó Olówó Pọ́ọ́kú

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Triumph gbé alùpùpù tuntun kan jáde ní London, ó pè é ní Speed 400. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ cc 398, ìwọ̀n rẹ̀ kílò 170, táńkì rẹ̀ ń gba lítà 13. Bajaj ló ń bá Triumph ṣe é, ní Chakan, lẹ́bàá Pune, ní Íńdíà. Àwọn oníròyìn ọkọ̀ ní London ní láti ṣàlàyé fún òǹkàwé wọn ẹni tí Bajaj ń jẹ́. Ní Ìwó Road, ní Ìbàdàn, ọmọdé tó ń ta omi inú ọ̀rá lè bá wọn ṣe àlàyé yẹn.

Iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé e ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ £4,995. Ní Amẹ́ríkà, $4,995. Nọ́ńbà kan náà, owó tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Lóòótọ́, owó orí ọjà ti wà nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, kò sí nínú ti Amẹ́ríkà. Ará Gẹ̀ẹ́sì tó yọ owó orí náà kúrò kó lè tu ara rẹ̀ nínú ṣì rí i pé òun ló san jù.

Ní Íńdíà, rúpìì 233,000 ni nígbà náà, kò tó ìdajì ti London. Àwọn 10,000 tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ gbà á ní 223,000. Ẹni tó gba ìkẹyìn nínú wọn àti ẹni tó tò tẹ̀lé e, alùpùpù kan náà ni wọ́n gùn lọ sílé. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán nílẹ̀.

Ìyìn tó ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tó gùn ún ni pé kò jọ ọjà pọ́ọ́kú. Kò tíì sí ẹni tó yin alùpùpù olówó gọbọi pé kò jọ olówó gọbọi.

Àwọn kan ní kì í ṣe Triumph gidi, nítorí Íńdíà ni wọ́n ti ṣe é. Orí Triumph Bonneville ni púpọ̀ nínú wọn jókòó sí nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Thailand ni wọ́n ti ń ṣe Bonneville.

Ará Jámánì ló dá Triumph ti Coventry sílẹ̀, Siegfried Bettmann, ọmọ Nuremberg. Alùpùpù àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ náà ṣe, ní 1902, ẹ́ńjìnnì Minerva láti Belgium ló gbé e rìn. Ní 1913 wọ́n fi Bettmann jẹ méyọ̀ Coventry. Ọdún kejì, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, àwọn èèyàn rántí ibi tí wọ́n bí i sí, ipò náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò dá alùpùpù rẹ̀ padà ní tiwọn. Nǹkan bí 30,000 Triumph ni àwọn ọmọ ogun fi ja ogun náà.

Omi ló ń tu ẹ́ńjìnnì Speed 400. Rẹdiétọ̀ wà níwájú rẹ̀, gbogbo ayé ń rí i. Síbẹ̀ wọ́n ya ìlà gbọọrọ gbọọrọ sára ẹ́ńjìnnì náà, irú èyí tó máa ń wà lára ti àtijọ́ tí afẹ́fẹ́ ń tù. Kò sẹ́ni tí wọ́n fi tàn jẹ. Àwọn tó mọ̀ pé ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nu àárín wọn lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́ ọ. Nígbà tí Bonneville pa kabúrétọ̀ tì, wọ́n mọ ohun tó rọ́pò rẹ̀ ní àwòrán kabúrétọ̀.

Ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù ni pé ó ń gbọ̀n. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti yí kọjá nǹkan bí 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ àti ibi ìfẹsẹ̀lé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ fún wákàtí kan á mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí àléébù, wọ́n tún un kọ. Ní ti Royal Enfield, ọdún 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ́ńjìnnì cc 349 tuntun tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n. Àwọn tó ti gun Bullet ilé iṣẹ́ náà dàgbà gbé e wò, wọ́n sì dárò ohun tó sọnù. Wọ́n ní alùpùpù tí kò gbọn èèyàn kò ní ọkàn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti fi owó àti ọdún púpọ̀ lé gbígbọ̀n náà jáde.

Ọlọ́kadà tó ń gun Boxer ti Bajaj náà ní èrò nípa alùpùpù rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìwé ìròyìn ọkọ̀ tó ń wá èrò náà lọ sí gáréèjì. Èrò náà kúrú. Kì í mu epo, páàtì rẹ̀ wà níbi gbogbo, mẹkáníìkì abẹ́ igi lè tú u kó sì tò ó padà kí òjò tó dé. Ẹni tó bá bi í nípa ìrísí rẹ̀, ó máa wo onítọ̀hún tẹsẹ̀ torí. Tó bá yin ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé ó gbé àpò ìrẹsì méjì pẹ̀lú ìyá tó ni ìrẹsì gun òkè Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ kan, kò sì kú sójú ọ̀nà.

Níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì ọ̀kadà, ‘ti Íńdíà ni’ ni ọ̀rọ̀ tí oníṣòwò fi ń búra pé ọjà òun dára. China ni wọ́n ń fi bú u. Ní ìlú Hinckley, níbi tí olú ilé iṣẹ́ Triumph wà, ẹni tó bá sọ pé ‘ti Íńdíà ni’ kì í ṣe ìbúra ló ń ṣe.

Wọ́n ṣe ìjókòó ẹni ẹ̀yìn sára Speed 400. Àwọn tó ti jókòó síbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ó dára fún ọ̀nà tí kò jìn. Àwọn tó ń wà á ní ó dára púpọ̀. Ní Ìbàdàn, ìjókòó tó gùn tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ẹni mẹ́ta àti ọmọ kan lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ẹni tó ti fi Bajaj gbé èrò fún ọdún gbọọrọ nílé, tó wá ṣí lọ sí London, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní CBT ni yóò kọ́kọ́ gbà kí ó tó lè gun cc 125 pẹ̀lú lẹ́tà L pupa lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí náà kì í lò ju ọdún méjì lọ. Kò gbọdọ̀ gba ojú ọ̀nà márosẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Ó lè gbé písà. Tó bá fẹ́ gun Speed 400, ìdánwò ìwé kan àti ìdánwò gígùn méjì ló kù. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó bi í léèrè iye èèyàn tó ti gbé dé ilé láyọ̀.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì gbà fún ọmọ ọdún 19 tó bá yege kí ó gun alùpùpù tí agbára rẹ̀ kò ju kilowatt 35 lọ. Ti Speed 400 jẹ́ 29. Àwọn ọ̀dọ́ yìí ni wọ́n fi í pè. Lára àwọn tó jẹ́ ìpè náà ni àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí wọ́n ta alùpùpù ńlá nítorí ẹ̀yìn àti orúnkún. Wọ́n ní ó mú wọn rántí ìgbà èwe. Ní ìgbà èwe wọn, Triumph wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Meriden, tí wọ́n ti ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ mọ́ ọ̀gá, tí wọ́n sì ń fi owó ìjọba ṣe alùpùpù fúnra wọn, ọ́ìlì sì ń kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n bá gbé e sí. Speed 400 kì í jò. Àwọn kan sọ ìyẹn bí ẹni tó ń sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó.

Ilé iṣẹ́ Meriden ti di àdúgbò ilé gbígbé. Méjì nínú àwọn òpópónà ibẹ̀ ń jẹ́ Bonneville Close àti Daytona Drive. Bonneville tí wọ́n fi sọ alùpùpù náà lórúkọ jẹ́ pápá iyọ̀ ní Utah, níbi tí àwọn èèyàn ti ń lọ wá eré tí ẹnikẹ́ni kò tíì sá rí. Ti Meriden jẹ́ òpópónà kékeré tí ọkọ̀ kì í gbà kọjá.

Ẹni tó ra Triumph nígbà tó wó ní 1983 ni John Bloor, oníṣòwò tó ń kọ́ ilé tà. Orúkọ àti ẹ̀tọ́ láti lò ó ni pàtàkì ohun tó sanwó fún. Ó kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun, ó sì di 1991 kí alùpùpù tirẹ̀ tó tẹ̀lé orúkọ náà dé ọjà.

Nínú fíìmù The Great Escape, ọdún 1963, Steve McQueen jí alùpùpù sójà Jámánì gbé, ó sì sá. Triumph ni alùpùpù náà, wọ́n kùn ún kó lè jọ ti Jámánì. Nígbà tó tó àkókò láti fo ọgbà wáyà, ẹlòmíràn, Bud Ekins, ló bá a fò ó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ra Triumph nítorí eré yẹn.

Ṣáájú ìgbà náà, Marlon Brando ti gun Triumph nínú The Wild One, 1953. Àwọn tó ń ta Triumph ní Amẹ́ríkà fẹjọ́ sùn pé fíìmù náà yóò bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é títí di 1967, kí àwọn ọ̀dọ́ má bàa kọ́ ìwà ìpáǹle láti ara alùpùpù tí wọ́n ń ṣe ní ìlú wọn. Àwòrán Brando lórí rẹ̀ ti wá wà lára ohun tí wọ́n fi ń tà á.

Ọjọ́ méjì kí Triumph tó sọ iye owó Speed 400 ní Íńdíà, Harley-Davidson sọ tirẹ̀. X440, Hero ló ń bá a ṣe é, rúpìì 229,000. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ilé méjì tí wọ́n ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ọ̀kan láti Milwaukee, ọ̀kan láti Coventry, ń fi 4,000 rúpìì na ara wọn lọ́jà.

Harley ti gbìyànjú irú rẹ̀ rí. Ó ṣe Street 750 fún àwọn tí owó wọn kò tó, Bawal ní Íńdíà ni wọ́n ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, Kansas City ni wọ́n ti tò ó. Ìyẹn kò dí àwọn kan lọ́wọ́ níbẹ̀ láti máa pè é ní ti Íńdíà.

Royal Enfield bẹ̀rẹ̀ ní Redditch. Eicher ló ni ín báyìí, Chennai ló fi ṣe ilé. TVS ra Norton ní 2020. Ilé Mahindra ra BSA ní 2016. Ní àwọn ọdún 1950, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó páàtì Bullet láti Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Madras kí wọ́n lọ tò ó. Ọkọ̀ náà ṣì ń gba ojú òkun kan náà. Ọ̀nà ibòmíràn ló kọjú sí nígbà tí ẹrù bá wà nínú rẹ̀.

Nígbà tó jáde, Speed 400 ti Gẹ̀ẹ́sì wúwo tó kílò 170. Ti Íńdíà, 176. Lára ohun tó wà lára ti Íńdíà tí kò sí lára ti Gẹ̀ẹ́sì ni irin tó bo ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, tí òfin ní kó wà níbẹ̀ kí sárì obìnrin má bàa há sínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ń tú irin náà kúrò ní kété tí wọ́n bá gbé alùpùpù délé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń wá ẹni tí yóò jókòó sẹ́yìn.

Díńgí rẹ̀ wà ní ìkángun ọwọ́ méjèèjì, ó yọ síta gan-an. Lójú ọ̀nà tó dá, ó rẹwà. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Bengaluru, díńgí mọ́tò ló ń bá pàdé. Àwọn kan yí tiwọn sínú kí àyè lè gbà wọ́n. Díńgí tó bá wà ní ipò yẹn ń fi ikùn ẹni tó ń gùn ún hàn án.

Wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ilé iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tàbí lẹ́yìn kìlómítà 16,000. Àwọn tó ti gun alùpùpù pẹ́ ní ìyẹn ti pẹ́ jù, ọkàn wọn kò balẹ̀. Wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ fúnra wọn láàárín méjì, wọ́n sì ń yin ilé iṣẹ́ náà pé kì í náni lówó àtúnṣe.

Aago tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí kéré, ìlà tín-ín-rín ni lójú gíláàsì, oòrùn kì í jẹ́ kí wọ́n rí i. Ṣàṣà ni ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí alùpùpù yìí tí kò dárúkọ rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn fi kún un pé àwọn kì í wò ó.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀ lára rẹ̀ ni sàléńsà. Ẹni tó ti rojọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pé ìdí tí òun fi ra èyí ni pé kò wọ́n, á san owó ńlá kí ohùn rẹ̀ lè jọ ti èyí tó wọ́n.

Ní London, àwọn kan ní ìnṣọ́ránsì ló ń pa wọ́n, kì í ṣe owó alùpùpù. Alùpùpù tó fúyẹ́ rọrùn láti gùn láàárín mọ́tò, ó rọrùn láti yí, ó rọrùn láti tì jáde ní ọ̀gànjọ́ òru. Olè náà fara mọ́ gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa ìwọ̀n rẹ̀.

Ní 1 oṣù kẹfà 2022, ìjọba Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Nínú oṣù náà, wọ́n fi kátápílà tẹ èyí tó ju 2,000 lọ mọ́lẹ̀ níwájú àwọn oníròyìn; Bajaj kò ní ṣàì pọ̀ nínú wọn. Oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n gbé Speed 400 jáde ní London. Àwọn oníròyìn wà níbẹ̀ náà.

Láti 22 oṣù kẹsàn-án 2025, owó orí lórí alùpùpù tí kò ju cc 350 lọ ní Íńdíà wálẹ̀ sí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, 40. Royal Enfield cc 349 bọ́ sí ìhà tó dára. Cc 48 ni Triumph fi kọjá ìlà. Títí di ọjọ́ yẹn, cc tó lé yìí gan-an ni wọ́n fi ń fi Enfield ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní oṣù kẹsàn-án 2024, wọ́n gbé èyí tó tún pọ́ọ́kú jù ú lọ jáde ní Íńdíà, Speed T4. Agbára ẹṣin rẹ̀ wálẹ̀ láti 40 sí 31, owó rẹ̀ nígbà náà jẹ́ rúpìì 217,000. Àwọn tó ti ń ráhùn pé Speed 400 ga ju àpò wọn lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ fi èyí ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá fi díẹ̀ kún owó lè ra ti gidi. Ti gidi tí wọ́n ń wí ni èyí tí wọ́n ṣe ní Chakan.

Ní oṣù kan náà, wọ́n tún Speed 400 fúnra rẹ̀ ṣe. Wọ́n fi fóòmù kún ìjókòó rẹ̀, wọ́n mú kí bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì ṣeé sún mọ́ ọwọ́, táyà rẹ̀ ga díẹ̀ sí i, àwọ̀ tuntun sì dé. Gbogbo rẹ̀ ni àwọn tó ra ti àkọ́kọ́ ti ń béèrè fún. Owó rẹ̀ di 240,000. Inú àwọn tó ra ti àkọ́kọ́ kò dùn pé wọ́n gbọ́ tiwọn.